Ohun Tí Èèpo Igi Sọ Nípa Èéfín Ọkọ̀



Bí ènìyàn bá dúró ní ẹ̀bá títì ní Kábà ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, yóò rí ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn tírélà tí ń gbé sìmẹ́ńtì láti Ọ̀bàjànà ń kọjá. Àwọn ọlọ́kadà ń sáré. Ní gáréèjì, dẹ́rẹ́bà kan ti tan ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, èéfín dúdú sì ń tú jáde nídìí rẹ̀. Obìnrin kan ń dín àkàrà ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Láìpẹ́, èéfín náà yóò pòórá. Ojú ò ní rí i mọ́. A ó ní ó ti lọ.

Ǹjẹ́ ó lọ lóòótọ́? Ibo ló lọ?

Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Yunifásítì Ìbàdàn wádìí. Orúkọ wọn ni Oladele Osibanjo àti S. O. Ajayi. Wọn kò wo ojú ọ̀run. Igi ni wọ́n wò.

Kí ló dé tó fi jẹ́ igi? Ẹ rò ó wò. Igi kì í kúrò lójú kan. Tọ̀sán tòru ló dúró sí ẹ̀bá títì, ọdún ń gorí ọdún. Èèpo ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, nítorí náà eruku àti èéfín tó bá fẹ́ lù ú yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ̀yin náà ṣe ń fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sínú ìwé yín ní kíláàsì àṣálẹ́, bẹ́ẹ̀ ni èéfín ń kọ nǹkan sára igi. Ẹni tó bá kọ́ bí a ti ń kà á ni yóò rí i kà.

Wọ́n bẹ́ èèpo igi ní Ìbàdàn, níbi tí ọkọ̀ ti pọ̀ jọjọ àti níbi tí ọkọ̀ kò ti fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Wọ́n kó o lọ sí ilé àyẹ̀wò. Bí a ti ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ nìyí. A ó jẹ́ kí èèpo gbẹ, a ó sì lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́. A ó fi áásìdì sè é títí ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò fi yọ́ di omi. A ó wá fọ́n omi náà sínú iná kan tó wà nínú ẹ̀rọ, a ó sì tan ìmọ́lẹ̀ gba inú iná náà kọjá. Irin kọ̀ọ̀kan ló ní irú ìmọ́lẹ̀ tí ó máa ń gbé mì. Ẹ̀rọ yóò wọn èyí tó sọnù, yóò sì fi mọ bí irin náà ti pọ̀ tó. Ní 1980 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde. Níbi tí ọkọ̀ bá ti pọ̀, ibẹ̀ ni òjé ti pọ̀ lára igi.

Òjé kẹ̀? Àwọn àgbà mọ òjé. Irin rírọ̀ ni, ó sì wúwo. Òun ni àwọn ọlọ́bàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Òun ni apẹja ń so mọ́ àwọ̀n kí àwọ̀n lè rì. Ó wà nínú bátìrì ọkọ̀. Báwo ló ṣe wá dé ara igi?

Inú epo ló ti wá. Ní 1921, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Thomas Midgley, rí i pé bí a bá po òjé díẹ̀ mọ́ epo pẹtiróòlù, ẹ́ńjìnnì kò ní máa lu gbà-gbà-gbà bó bá ń gun òkè. Inú àwọn olówó epo dùn. Ní 1924, òṣìṣẹ́ bíi mélòó kan kú ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe oògùn epo náà ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀ wọ́n ń tà á. Owó wà níbẹ̀, ẹ ò rí i? Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń jo òjé nínú ọkọ̀, tí sàlẹ́ńsà sì ń fọ́n ọn sínú afẹ́fẹ́.

Òjé kò ní iṣẹ́ rere kankan tó ń ṣe nínú ara ènìyàn. Ó ń fara pamọ́ sínú eegun. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ọmọdé ló ń bá jà jù lọ. Ọmọ tí òjé wọ̀ lára lè má ṣàìsàn kan tí ìyá rẹ̀ yóò fi gbé e lọ sí ọsibítù. Yóò kàn máa gbàgbé nǹkan ni. Kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́. Ìwé kò ní tètè wọ̀ ọ́ lórí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Jerome Nriagu, tí ó kàwé ní Ìbàdàn kí ó tó lọ sí òkè òkun, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ 87 wò ní Kàdúná. Ọmọ ọdún 1 sí 6 ni wọ́n. Ní 1997 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde. Bí a bá da ti gbogbo wọn pọ̀ tí a pín in dọ́gba, òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ju ìwọ̀n tí àwọn dókítà fi ń kọminú nígbà náà lọ díẹ̀.

Ohun kan wà tó ń dùn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láàárín 1990 sí 2000, nígbà tí a ṣì jẹ́ tíṣà kékeré, a kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. A na àwọn kan níbẹ̀ nítorí pé wọn kò mọ ìsọdipúpọ̀. A pè wọ́n ní olódo lójú ẹgbẹ́ wọn. Ẹnikẹ́ni kò yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, a kò sì lè sọ pé òjé ló fà á. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti ka iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí, ojú ọmọ kan tó máa ń jókòó nídìí fèrèsé kò kúrò lọ́kàn wa.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà pàdé ní Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà. Wọ́n fẹnu kò pé kí òjé kúrò nínú epo. Nígbà tí 2006 fi wọlé, ó ti kúrò ní ibi tó pọ̀ jù nínú wọn, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ní oṣù keje 2021, Àlùjẹ́ríà tó kù gbẹ̀yìn náà jáwọ́.

Kò túmọ̀ sí pé èéfín ti di afẹ́fẹ́ rere o. Èéfín dúdú tírélà ń gbé ẹ̀fúùfù dúdú wẹ́wẹ́ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Imí ọjọ́ wà nínú dísẹ̀lì. Nítorí rẹ̀ ni Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà àti Ivory Coast ṣe pinnu ní 2016 pé kí ó dín kù láti 3,000 sí 50 nínú mílíọ̀nù kan. Èéfín mìíràn tún wà tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Òun ló ń wá láti inú jẹnẹrétọ̀. Ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tàbí sí ẹnu fèrèsé láéláé.

Ṣùgbọ́n òjé tí ọkọ̀ ti fọ́n dànù láti ọjọ́ yìí wá ńkọ́? Òjé kì í jẹrà bí ewé. Iná kì í jó o tán. Èyí tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá títì ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn lè wà nínú eruku ibẹ̀ títí di òní. Bí a bá ti ń jìnnà sí títì ló ń dín kù. Ẹ wá wo ohun tí àwa ń ṣe. Níbo ni a ń sá gbodo sí? Níbo ni a ń sá ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo sí? Ẹ̀bá títì ni. Ọkọ̀ ń kọjá, eruku ń bà lé e, a ó fi ọwọ́ gbá a jọ, a ó lọ̀ ọ́, a ó fi rokà fún ọmọ.

Nígbà tí a ka ọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì àṣálẹ́ wa, ìyá kan na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Hẹ́dìmáàsítà, ẹ má bínú o. Títì ló ń gbóná jù. Ọjọ́ méjì lẹ̀gẹ́ mi fi ń gbẹ níbẹ̀. Lẹ́yìn ilé, ó di ọjọ́ mẹ́rin. Bí òjò bá ká a mọ́ ibẹ̀, ta ló máa san owó mi?”

Òótọ́ ni ìyá sọ. A ò bá wọn jiyàn. A bi wọ́n pé, níbo ni ìyá tiwọn ń sá a sí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé?

Ìyá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Orí àpáta ni. Àpáta tó wà lọ́nà oko. Ó ń gbóná bíi títì, àmọ́ ó jìn. Ọrùn mi ò gbà á mọ́.”

Ọmọkùnrin kan tó ń gun ọ̀kadà wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ó ní, “Ìyá, mo máa bá yín gbé e.” Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, àpò ẹ̀gẹ́ mẹ́ta ló gbé lọ sórí àpáta.