Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́: Ta Ni Yóò Tún Un Ṣe?

Ohun iyì ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ jẹ́ láàárín àwọn Yorùbá. Bí ẹnìkan bá ra ọkọ̀, tẹbí tará a bá a yọ̀. Àwọn àgbà a gbàdúrà pé kí ọkọ̀ náà má rí ìjà ògún. Àwọn ọ̀rẹ́ a sì ní kí ó mú nǹkan wá kí àwọn fi bá a fọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ariwo ayọ̀ yìí, ìbéèrè kan wà tí kì í sábà ti ẹnu ẹni tí ó rà á jáde, tí kì í sì í ti ẹnu àwọn tí ń kí i jáde. Ìbéèrè náà ni pé: bí ọkọ̀ yìí bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe, níbo ni yóò ti tún un ṣe, owó ta ni a ó sì fi tún un ṣe? Ẹni tí ó bá mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí kí ó tó san owó ni ó ra ọkọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ìyọnu ni ó fi owó rà.

Ìffẹ̀ jẹ́ ìlú kan ní ilẹ̀ Ìjùmú, láàárín àwọn Yorùbá tí à ń pè ní Okun. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, kí ìjọba tó dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní 1991. Ìyàrà ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Kàbà ni ìlú ńlá tí ó wà nítòsí. Ẹni tí ń gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀ kì í fi ọkọ̀ ṣe fáàrí lásán. Òun ni yóò gbé iṣu àti kajú lọ sí ọjà, òun ni yóò gbé aboyún lọ sí ilé-ìwòsàn lóru, òun ni yóò sì gbé ọmọ padà sí ilé-ìwé. Bí ó bá ń lọ sí Lọ́kọ́jà láti Kàbà, yóò gba Ọbajánà kọjá, níbi tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ńlá wà, tí àwọn tírélà sì pọ̀ lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò dára kò ní iṣẹ́ kankan í ṣe lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo olùkọ́ kan ní ìlú yìí. Ọdún mẹ́rin ni ó ti ń dá owó sínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀; ó yá díẹ̀ kún un, ó sì fẹ́ ra ọkọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀ fún un: ọkọ̀ tuntun, ọkọ̀ tòkunbọ̀, àti ọkọ̀ oníná tí ayé ń pariwo rẹ̀ lóde òní. Ó yẹ kí ó gbé ìbéèrè wa kọ́ ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ọkọ̀ tuntun a máa bá gàráńtì rìn. Gàráńtì ni ìwé ìlérí tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ fún ẹni tí ó rà á, pé bí ohun kan bá bàjẹ́ nítorí àbùkù iṣẹ́ tàbí àbùkù irin tí a fi ṣe é, àwọn yóò tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. Ìlérí dáradára ni, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ààlà kìíní ni àkókò àti ìrìn. Ìwé lè wí pé ọdún 3 tàbí 100,000 kìlómítà. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì ni ìlérí fi dópin. Awakọ̀ èrò tí ń ti Kàbà lọ sí Abuja lójoojúmọ́ lè rin iye yìí kí ọdún méjì tó pé. Ààlà kejì ni irú ohun tí ó bàjẹ́: taya, ràgà bíréèkì, fìlítà àti irú wọn, tí ìlò a máa jẹ tán, kì í sí nínú ìlérí. Ààlà kẹta ni ìwà ẹni tí ó ni ọkọ̀. Bí kò bá pààrọ̀ ọ́ìlì nígbà tí ìwé wí, tàbí bí ó bá jẹ́ kí mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà tú ẹ́ńjìnì, ilé-iṣẹ́ lè kọ̀ láti mú ìlérí ṣẹ. Nítorí náà ni ọlọ́gbọ́n ṣe ń tọ́jú gbogbo rìsíìtì rẹ̀.

Ààlà kẹrin ni ẹni tí ń gbé ìlú kékeré kì í sábà rántí, òun náà sì ni ọ̀nà tí ó jìn. Ibi tí ilé-iṣẹ́ bá yàn nìkan ni a ti lè ṣe àtúnṣe gàráńtì, àwọn ìlú ńlá bí Èkó àti Abuja ni irú ibẹ̀ sì sábà ń wà. Láti Ìffẹ̀ dé Abuja ju 200 kìlómítà lọ. Àtúnṣe lè jẹ́ ọ̀fẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó ọkọ̀ tí yóò wọ́ ọkọ̀ tí ó ti kú dé Abuja? Kí olùkọ́ wa béèrè èyí kí ó tó fi ọwọ́ sí ìwé.

Nígbà kan rí, ẹni tí ń ta ọkọ̀ àti ẹni tí ń tún un ṣe kì í jìnnà sí ara wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, W. A. Dawodu, ará Èkó, ń ta kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀, ó sì ń tún wọn ṣe. Ní 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní Èkó. Àkókò náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba owó Údójì, tí ọ̀pọ̀ wọn sì fi ra ọkọ̀ àti alùpùpù. Peugeot 504 wá di ọkọ̀ tí tolówó tawakọ̀ èrò mọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kọ́ bí a ti ń tú u àti bí a ti ń tò ó lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn, títí ìmọ̀ rẹ̀ fi tàn dé àwọn ìlú kéékèèké. Ẹni tí ó bá ra 504 nígbà náà, ó ra ìmọ̀ gbogbo mẹkáníìkì wọ̀nyí mọ́ ọn. Gàráńtì kan nìyẹn tí a kò kọ sínú ìwé.

Nígbà tí ó di 1986, ìjọba yí ètò ọrọ̀ ajé padà. Iye náírà já wálẹ̀, owó ọkọ̀ tuntun sì ga ju ọwọ́ òṣìṣẹ́ lọ. Ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun wá gba ọjà. Orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ tí a sì gbé wá sílé ni a fi sọ wọ́n, èyíinì ni Tòkunbọ̀, ẹni tí ó ti òkun bọ̀. Lónìí, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá ń lo orúkọ náà jákèjádò Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Ọmọ tí ń jẹ́ Tòkunbọ̀ bá òbí rẹ̀ bọ̀ ni. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ kò bá ẹnikẹ́ni bọ̀. Gàráńtì tí ó ní ti sábà parí kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, tàbí kí ó má lágbára níhìn-ín. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń rí sí àyíká sọ ní 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kéékèèké àlòkù ni Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Jàpáànì tà sí ìlú mìíràn, àti pé nínú 100, nǹkan bí 80 ni ó lọ sí àwọn ilẹ̀ tí kò lówó púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wá sí Nàìjíríà ni ó gba Kútọnu wọlé, kí ìjọba tó fi òfin de gbígba orí ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé láti oṣù kìíní 2017.

Kì í ṣe pé ọkọ̀ tòkunbọ̀ burú. Ọ̀pọ̀ ni ó ti sin olówó rẹ̀ dáradára. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò sí ìwé ìlérí, ojú ẹni tí ń rà á ni gàráńtì. Kí ó wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, tí ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, lábẹ́ gíláàsì iwájú àti ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kí ó sì rí i pé wọ́n bá ara wọn mu, wọ́n sì bá ìwé ọkọ̀ mu. Kí ó gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè. Bí ó bá rí ẹrẹ̀ gbígbẹ tàbí ìpẹtà, tàbí bí ó bá gbọ́ òórùn èéfun, kí ó fura pé àgbàrá ti bo ọkọ̀ náà rí. Kí ó wo ara taya, níbi tí a kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni a ṣe é. Taya tí ó ti gbó lè máa dán bí ẹni pé àná ni a rà á, kí ó sì bẹ́ lórí eré. Ẹ̀mí ènìyàn ni ó wà níbẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó mú mẹkáníìkì tirẹ̀ dání, kì í ṣe ti ẹni tí ń tà á. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 tilẹ̀ pa á láṣẹ pé ẹni tí ń ta ohun àlòkù gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó hàn sí ẹni tí ń rà á pé àlòkù ni.

Bí olùkọ́ wa kò bá ṣe èyí ńkọ́? Ó lè rí ọkọ̀ kan tí ó dán gbinrin, tí irú rẹ̀ kò sí ní gbogbo Ìjùmú. Ẹni tí ń tà á a ní, “Ọ̀gá, ẹ ṣáà ti wọlé kí ẹ máa wà á lọ.” Ní oṣù kẹta, gíà kú. Mẹkáníìkì Ìffẹ̀ kò rí irú rẹ̀ rí. Ti Kàbà ní Èkó ni wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó ọkọ̀. Ọkọ̀ wọ abẹ́ igi máńgòrò, adìyẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Lóṣooṣù sì ni ẹgbẹ́ ń yọ owó tí ó yá nínú owó iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ní í yé olókùú àdá.

Ọ̀nà kẹta ni ọkọ̀ oníná. Ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń bi ara wọn léèrè nípa rẹ̀ kò fara sin. Kí ìjọba àpapọ̀ tó kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà pẹtiróòlù kan kò tó 200 náírà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó sún mọ́ 500, kí 2024 sì tó parí ó ti kọjá 1,000. Ọkọ̀ oníná kò mu pẹtiróòlù. Bátìrì ńlá ni ó ń fún mọ́tò inú rẹ̀ lágbára; kò ní púlọ́ọ̀gì, kò ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, kò sì ní èéfín. Nítorí pé ohun tí ń yí nínú rẹ̀ kò pọ̀, ohun tí ń bàjẹ́ náà kò pọ̀. Nàìjíríà kò sì sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí: Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka fi ọkọ̀ oníná tí wọ́n ṣe hàn ní 2019, wọ́n sì ṣí ibùdó kan tí ń fi agbára oòrùn bọ́ bátìrì ọkọ̀ sí Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó ní 2021.

Síbẹ̀, ìbéèrè wa kò yí padà. Bátìrì Nissan Leaf ti 2018 gba iná kílówáàtì-wákàtí 40. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé kì í lè fúnni ju nǹkan bí kílówáàtì 3 lọ. Nítorí náà bátìrì tí ó ti gbẹ yóò gba wákàtí 13 ó kéré tán kí ó tó kún. Níbi tí iná mànàmáná kò ti í wà fún wákàtí 13 láìdáwọ́ dúró, ó lè di dandan kí olówó ọkọ̀ ra páànù oòrùn pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní òkè òkun ń fi ọdún 8 tàbí 160,000 kìlómítà ṣe gàráńtì bátìrì, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà bá di tòkunbọ̀, kí ẹni tí ń rà á má gbẹ́kẹ̀ lé ìlérí yẹn láìjẹ́ pé ó rí i nínú ìwé pé ó dé Nàìjíríà. Iná inú irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lágbára tó láti pa ènìyàn. Mẹkáníìkì tí kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tú u. Níhìn-ín ni àǹfààní wà fún ọmọ ilé-ìwé tí ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ físíìsì: ìlú tí ó bá kọ́kọ́ ní ẹni tí ó lè tún ọkọ̀ oníná ṣe ni àwọn aládùúgbò rẹ̀ yóò máa wọ́ lọ.

Kí ni kí olùkọ́ wa wá ṣe? Kí ó tó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ sí ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Kàbà, kí ó bi wọ́n pé irú ọkọ̀ wo ni ọwọ́ wọn mọ̀ jù, èwo sì ni ẹ̀yà ara rẹ̀ wà nítòsí. Kí ó má ná gbogbo owó rẹ̀ tán lórí ọkọ̀, kí ó fi díẹ̀ pamọ́ de àtúnṣe. Bí a bá sì tún ọkọ̀ náà ṣe, kí ó gba rìsíìtì, kí ó sì ní kí a fi ẹ̀yà tí a yọ hàn òun, kí ó lè dá a lójú pé a pààrọ̀ rẹ̀ ní tòótọ́. Ọkọ̀ tí ó yọrí láti inú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lè má jẹ́ èyí tí ó dán jù ní Ìffẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ tí aboyún bá ń rọbí, bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, yóò jí.