Ọkọ dùbúlẹ̀ àìsàn, ìyàwó ta ẹ̀rọ ìránṣọ: Bí owó ọsibítù ṣe ń sọ ẹni tó ń jẹun tẹ́lẹ̀ di onígbèsè

Ìdájí ọjọ́ Mọ́ńdè ni. Baálé ilé kan tó ń wa dánfó ní Muṣin ti wẹ̀ tán, ó fẹ́ẹ́ jáde ní balùwẹ̀, àfi gbì! Ìyàwó ẹ̀ tó ń po ògì fáwọn ọmọ sáré débẹ̀, ló bá rí i pé ẹnu ọkọ òun ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá ọ̀tún ò sì ṣeé gbé mọ́. Igbe ta, àwọn ará ilé rọ́ wọlé, wọ́n gbé e, ó di ọsibítù. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi wọ́n kò ju ẹyọ kan lọ: ta ló máa san dípọ́síìtì?

Owó ìdánwò WAEC ọmọ wọn àgbà ló kọ́kọ́ lọ. Owó ilé tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, tí dókítà ní kí wọ́n lọọ ya àwòrán inú orí aláìsàn, ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá náà fi ń jẹun ni wọ́n gbé síta pé kẹ́ni tó bá fẹ́ wá rà á. Ẹ gbọ́ o, ohun tó ń mówó wọlé ni wọ́n tà láti fi san owó tó ń jáde. Látọjọ́ náà, kò sí ọ̀nà tówó ń gbà wọnú ilé ọ̀hún mọ́, ọ̀nà ìjáde nìkan ló kù.

Ẹni tó bá rò pé ìtàn ilé kan ṣoṣo lèyí, kó jáde síta kó béèrè. Àdúgbò tírú ẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ rí ṣọ̀wọ́n, ì báà jẹ́ Muṣin, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Àkúrẹ́. Orúkọ ọkọ àti orúkọ ìyàwó lè yàtọ̀, àìsàn náà lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, kíndìnrín tàbí jẹjẹrẹ, ibi tó ń já sí kì í yàtọ̀.

ÀPÒ ARA ẸNI NI

Ohun tó ń fa wàhálà yìí kò fara sin. Nínú gbogbo owó táwọn ọmọ Nàìjíríà ń ná sórí ìlera, ó tó náírà méje nínú mẹ́wàá tó jẹ́ pé àpò aláìsàn àtàwọn ẹbí ẹ̀ ló ti ń jáde, lójú ẹsẹ̀, lọ́jọ́ tí àìsàn bá dé gan-an. Kì í ṣe ìjọba ló ń san án, kì í sì í ṣe ilé iṣẹ́ adójútòfò. Ẹni tí ò bá sì lówó lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, Ọlọ́run nìkan ló mọ bó ṣe máa ṣe é. Àìmọye ìyá ọlọ́mọ ló ti bímọ tán, tára ẹ̀ ti yá, tí wọn ò sì jẹ́ kó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n gbà á sí nítorí pé owó ò tíì pé.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kíndìnrín. Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ bá ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ ló máa ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀, ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ làwọn dókítà sì sábà máa ń ní kó wá. Títí di ọdún 2025, nǹkan bí 50,000 náírà ni wọ́n ń gbà fún ẹ̀ẹ̀kan láwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó bá lọ lẹ́ẹ̀mẹta, 150,000 lọ́sẹ̀ kan nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó di 600,000. Ta ló ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ lóṣù? Lóṣù kẹjọ ọdún 2025 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn já a wálẹ̀ sí 12,000 náírà láwọn ọsibítù kan, tó fi mọ́ UCH n'Íbàdàn, LUTH l'Ékòó, àti ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Èbúté-Mẹ́ta àti Abẹ́òkúta. Ìyẹn dáa púpọ̀. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ṣírò 12,000 lẹ́ẹ̀mẹta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, 144,000 náírà ni, owó oògùn àti owó mọ́tò ò sì sí níbẹ̀.

ÀWỌN GBAJÚMỌ̀ PÀÁPÀÁ KÒ YỌ SÍLẸ̀

Àwọn kan máa ń rò pé ọ̀rọ̀ mẹ̀kúnnù nìkan lèyí. Irọ́ ni o! Gbogbo ayé ló mọ Babatunde Omidina tí wọ́n ń pè ní Baba Suwe, ọ̀gá nínú àwọn apanilẹ́rìn-ín. Lọ́dún 2019, nígbà tí àìsàn dá ọkùnrin náà gúnlẹ̀, fídíò ló gbalẹ̀ káàkiri tí wọ́n fi ń wá ìrànlọ́wọ́ fún un. Ìyá Àdúrà Esther Ajayi ló dìde, tó gbé mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà kalẹ̀ kí wọ́n lè gbé e lọ sí Amẹ́ríkà fún ìtọ́jú. Ọjọ́ 22, oṣù kọkànlá, ọdún 2021 ni Baba Suwe jáde láyé. Bákan náà ni Ojo Arowosafe, ìyẹn Fadeyi Oloro tí ọfọ̀ ẹnu ẹ̀ máa ń dẹ́rù ba àwọn ọmọdé nínú fíìmù, ṣe bẹ aráyé pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ kó tó di pé ó kú lọ́jọ́ 7, oṣù kẹta, ọdún 2023.

Kì í ṣe pé wọn ò ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ wà, òkìkí wà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiátà dà bí iṣẹ́ dánfó, ó dà bí iṣẹ́ aṣọ rírán: ọjọ́ tí èèyàn bá jáde ló ń rówó. Ọjọ́ tó bá dùbúlẹ̀, owó náà dùbúlẹ̀ nìyẹn.

SÓGÚNDOGÓJÌ DÉ

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá aránṣọ. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti lọ, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ lọ.

"Ìyàwó wa," ni bàbá náà wí, "ọwọ́ dilẹ̀ gan-an lásìkò yìí. Ẹ máa fàdúrà ràn án lọ́wọ́, Ọlọ́run á ṣe é."

"Ẹ ṣé, sà. A dúpẹ́," ló fèsì, ló bá dìde. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló rí bàbá yìí kan náà pẹ̀lú aṣọ ẹbí olówó ńlá lọ́rùn, ó ń lọ sóde ìnáwó. Ó ṣáà wò ó ni, kò sọ nǹkan kan.

Ibi tó kàn ni orí fóònù, níbi táwọn ayánilówó ti ń fi bọ́tìnnì kan ṣoṣo yáni lówó. Owó náà yá, ìṣẹ́jú márùn-ún ló wọlé. Àmọ́ àwọn baba wa ti sọ irú owó bẹ́ẹ̀ lórúkọ kí fóònù tó dé: sógúndogójì. Ogún lo yá, ogójì lo máa san. Nígbà tọ́jọ́ pé tí kò rí i san, àwọn tó ń gbowó náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀ wà lórí fóònù ìyá yìí, pé olè ni, oníjìbìtì ni. Títí dé ọ̀dọ̀ wòlíì ìjọ wọn! Ìwà yìí ló mú kí àjọ FCCPC gbé òfin kalẹ̀ lọ́dún 2022 pé kí irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú dídójú ti àwọn èèyàn. Kẹ́ni tó bá fẹ́ẹ́ yáwó kọ́kọ́ wò ó bóyá orúkọ wọn wà lọ́dọ̀ ìjọba.

ỌJỌ́ A BÁ KÚ LÀ Á DÈRE

Nǹkan kan wà nílẹ̀ Yorùbá tó yẹ kí gbogbo ẹbí jókòó sọ. Tí bàbá bá ń ṣàìsàn, kò sẹ́ni tó lówó. Kí bàbá ṣáà dákẹ́ báyìí, lójijì ni màlúù máa jáde, kànọ́pì máa jáde, aṣọ ẹbí oríṣi mẹ́ta, onífújì, ọtí, jọ̀lọ́ọ̀fù. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ẹ́ ṣẹ̀yẹ ìkẹyìn fún un. Owó tí wọ́n fi ra màlúù yẹn, ṣé kò ní ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún bàbá fún ọdún mélòó kan ni? Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má sìnkú o, àbí kí wọ́n má kọ́mọ jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó yá owó ṣe ìnáwó, tó jẹ́ pé lọ́jọ́ kejì ló ń wá owó gaàrí, ta ló ṣe é fún?

Wàhálà míì tún wà lẹ́yìn òkú. Àìmọye opó ló rò pé báwọn bá ti jẹ́ "next of kin" lórí fọ́ọ̀mù báńkì ọkọ àwọn, owó ti bọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tí báńkì máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó jogún owó. Tí ọkọ ò bá ṣe ìwé ìhágún, ó di kí ìyàwó àtàwọn ọmọ gba ilé ẹjọ́ lọ láti gba ìwé àṣẹ kí báńkì tó lè dá wọn lóhùn. Ìyẹn ń gba oṣù, ó sì ń gba owó. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn ìyàwó àtọmọ ẹ̀, ìwé ìhágún kì í pani. Kò túmọ̀ sí pé èèyàn ń pe ikú.

KÍ WÁ NI KÁ ṢE?

Èkíní ni ètò adójútòfò ìlera. Ọdún 1999 ni òfin ẹ̀ jáde, ọdún 2005 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nínú ètò ti ìjọba àpapọ̀, òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya ẹ̀, àtọmọ mẹ́rin tí ò tíì pé ọdún 18 ló wà nínú ẹ̀, ìdá mẹ́wàá péré ni wọ́n sì ń san nínú owó oògùn. Lóṣù karùn-ún ọdún 2022 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tuntun tó ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wà nínú ẹ̀. Awakọ̀, aránṣọ, alágbàfọ̀, gbogbo wọn ló lè forúkọ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wọn. Ìlera Èkó ni wọ́n ń pè é l'Ékòó, OYSHIA ni ti Ọ̀yọ́, irú ẹ̀ sì wà ní Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì. Ká má purọ́, kì í wo gbogbo àìsàn, ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ pé èèyàn á dúró díẹ̀ lẹ́yìn tó bá sanwó kó tó lè lò ó. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kéèyàn dúró di ọjọ́ àìsàn kó tó lọ.

Èkejì ni àjọ. Ta ni kò gbọ́ òkìkí alájọ Ṣómólú, tí wọ́n máa ń fi júwe ẹni tórí ẹ̀ bá pé? Ẹni tó bá ń dá 1,000 náírà lójúmọ́ fún ọjọ́ 31, tí alájọ mú ti ọjọ́ kan, 30,000 ló máa kó. Kó pín in sí méjì: ọ̀kan fún ọjà, èkejì fún ọjọ́ burúkú nìkan. Èyí tó jẹ́ tọjọ́ burúkú, kó má fi ra aṣọ ẹbí, kó má fi yá ọ̀rẹ́. Tó bá ṣeé ṣe, kó lọ sínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, nítorí èlé wọn ò tó ti orí fóònù rárá.

Ẹ̀kẹta, ẹni tó bá ń gbowó oṣù, kó mọ ẹ̀tọ́ ẹ̀. Òfin pẹ́ńṣàn ọdún 2014 sọ pé tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ò tíì pé àádọ́ta ọdún, tí kò sì rí òmíì láàárín oṣù mẹ́rin, ó lè gba ìdá 25 nínú owó tó wà níbẹ̀. Òfin kan náà ló ní kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ṣe adójútòfò ẹ̀mí fáwọn òṣìṣẹ́, tí kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́dún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níṣẹ́, ṣé ẹ ti béèrè rí?

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ta irinṣẹ́ yín. Kí wọ́n ta tẹlifíṣàn, kí wọ́n ta aṣọ, kí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ ọsibítù láti máa san án díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọsibítù ìjọba ńlá ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ aláìsàn tí kò lówó. Ohun tó ń mú oúnjẹ wá ló yẹ kó gbẹ̀yìn nínú ohun tí wọ́n máa gbé síta. Lákòótán, ẹ lọọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò. Iye tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó rọpárọsẹ̀.

Ọkọ ìyá aránṣọ ò kú. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí, ojú ọ̀nà ló sì máa ń jókòó sí, tó ń wo àwọn dánfó tó ń kọjá. Ìyàwó ẹ̀ ń rán aṣọ lórí ẹ̀rọ ẹlòmíì, ìdajì owó tó bá pa, ti ẹlẹ́rọ ni. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń yọ igba náírà sọ́tọ̀ fún alájọ. Nígbà tí aládùúgbò ẹ̀ kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ni igba náírà fẹ́ẹ́ ṣe, ẹ̀rín ló rín sí i.

Ó ní: "Ìyá Bọ́lá, lọ́jọ́ tọ́kọ mi ṣubú, ká ní mo ní in ni."