Kí Ni Ó Wà Nínú Oògùn Agbára Tí À Ń Rà?

 

Ní ọjọ́ Sunday kan, lẹ́yìn tí a ṣe Àsàlátù tán, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa fà wá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń lọ síbi tí wọ́n ti ń gbé irin. Ó mú ọ̀rá kékeré kan jáde nínú àpò rẹ̀. Oògùn oníhóró funfun ló wà nínú rẹ̀, kò sí orúkọ, kò sí páálí. Ó ní ẹni tó ń kọ́ àwọn ní irin gbígbé ló tà á fún òun, àti pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin apá òun yóò kún. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló tíì lò ó. Ó wá bi wá pé: "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé hàlálì ni?"

Inú wa dùn pé ó béèrè. A dá a lóhùn pé kí a tó lè mọ̀ bóyá nǹkan jẹ́ hàlálì, a ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Òun kò mọ̀ ọ́n, àwa náà kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó padà lọ bi ẹni tó tà á, "oògùn agbára" lásán ni ẹni náà pè é. Ìbéèrè ọmọ yìí ló bí ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí.

Irin gbígbé fúnra rẹ̀ kò burú. Ó ń mú egungun le, ó ń jẹ́ kí ara lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ó sì ń gba àgbàlagbà lọ́wọ́ ìṣubú. Ọkùnrin lè ṣe é, obìnrin náà lè ṣe é níbi tó bá yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n amánà ni ara yìí jẹ́ lọ́wọ́ wa. A kì í fi amánà dán oògùn tí a kò mọ̀ wò.

Oúnjẹ ni ìpìlẹ̀

Èròjà amúaradàgbà ni ara fi ń kọ́ iṣan. Ẹni tó ń gbé irin déédéé nílò bíi gíráàmù 1.6 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Ẹni tó bá wọn kílò 70 yóò nílò bíi gíráàmù 112 lójúmọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ ilé wa. Ẹyin mẹ́ta ní bíi gíráàmù 18. Ẹ̀wà tó wọn gíráàmù 100 kí a tó sè é ní bíi 23, ìbáà jẹ́ mọ́ínmọ́ín tàbí àkàrà ni a fi ṣe. Ẹja títù tó wọn gíráàmù 150 ní bíi 28. Ẹran adìẹ sísè tó wọn gíráàmù 100 ní bíi 27. Ẹ̀pà tó wọn gíráàmù 50 ní bíi 12. Gbogbo rẹ̀ ti di 108, a kò tíì ka wàrà àti ohun mìíràn mọ́ ọn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ló jẹ́ pé ẹ̀bà ńlá àti ẹran kékeré kan ni wọ́n ń jẹ, tí wọ́n á sì máa wá owó ìyẹ̀fun inú ike. Ẹ tún àwo ṣe ná. Ẹ máa sùn dáadáa pẹ̀lú, nítorí ìgbà tí ara bá ń sinmi ni iṣan ń dàgbà.

Mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà, díẹ̀ ló ní ẹ̀rí tó dájú lẹ́yìn.

Èkíní ni ìyẹ̀fun amúaradàgbà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni whey, omi tó máa ń ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá ń fi wàrà ṣe wàràkàṣì. Ìwọ̀n kan máa ń ní gíráàmù 20 sí 25, ẹyin mẹ́rin sì lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó wúlò fún ẹni tí kò ráyè jẹun, kì í ṣe idán. Ohun tí wọ́n fi ń mú wàrà dì lè wá láti inú ẹran, nítorí náà ẹ wá àmì hàlálì lára ike.

Èkejì ni creatine. Ó wà nínú ẹran àti ẹja, ara wa náà sì ń ṣe é. Ó ń fún iṣan lágbára ní ìgbà díẹ̀ tí ènìyàn bá fi ń gbé ohun tó wúwo. Èyí tí wọ́n kọ creatine monohydrate sí lára ni ẹ wá, gíráàmù 3 sí 5 lójúmọ́ sì tó. Ara lè fi kílò kan tàbí méjì wúwo sí i; omi tó wọ inú iṣan ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun rẹ̀, kì í ṣe ara ẹran ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, aláboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn kò gbọdọ̀ mu ún láìrí dókítà.

Ẹ̀kẹta ni kaféènì, tó wà nínú kọfí, tíì àti obì. Òun ló sábà máa ń wà nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n ń mu kí wọ́n tó gbé irin. Kí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le má kọjá mílígíráàmù 400 lójúmọ́. Ìwọ̀n kan nínú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ lè ní 200 tàbí 300. Bí a bá tún fi obì lé e, àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹni tó bá sì mu ún lẹ́yìn Iṣáì lè má rí oorun sùn, Sùbúhì á wá nira fún un. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fi ṣeré.

Èyí tó yẹ ká sá fún

Oògùn tí wọ́n ń tà láìsí páálí fún ẹni tó fẹ́ sanra, dexamethasone sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Oògùn dókítà ni. Ó ń fi omi kún ojú àti ara, ènìyàn á rò pé òun ń sanra. Ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ lára, ó ń gbé ṣúgà sókè, ó ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́, ó sì ń jẹ iṣan gan-an tí a ń wá. Ẹni tó bá ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò gbọdọ̀ ṣàdédé dáwọ́ dúró, nítorí ìyẹn náà léwu. Kó lọ bá dókítà kíákíá.

Àwọn steroid tí wọ́n fi ń fẹ iṣan náà wà. Wọ́n ń jẹ́ kí kórópọ̀n ọkùnrin sún kì, àtọ̀ á dín kù, ọmú lè yọ, ọkàn àti ẹ̀dọ̀ á jìyà. Ohùn obìnrin á ki, irun á hù lójú rẹ̀. Òfin eré ìdárayá pàápàá kò gbà á: ní Seoul lọ́dún 1988, wọ́n gba wúrà lọ́wọ́ Ben Johnson ará Kánádà nítorí stanozolol.

Ẹ má sì gbà pé ohun tó bá jẹ́ ewé kò lè pani lára. Ewéko ni ephedra, síbẹ̀ ní 2004 ìjọba Amẹ́ríkà fòfin dè é nínú àfikún oúnjẹ nítorí ewu rẹ̀ fún ọkàn.

Ìbéèrè mẹ́rin kí a tó sanwó

1. Ǹjẹ́ wọ́n kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan?
2. Ǹjẹ́ nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ wà lára rẹ̀?
3. Bó bá jẹ́ kápúsù, kí ni wọ́n fi ṣe awọ rẹ̀? Gelatin lè wá láti ara ẹlẹ́dẹ̀ tàbí màlúù. Bí wọn kò bá sọ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ ra ìyẹ̀fun.
4. Ǹjẹ́ mo ní àìsàn tàbí oògùn mìíràn tí mò ń lò? Ẹ bi dókítà tàbí apòògùn.

Ní oṣù Rámádánì, ẹ mu creatine àti ìyẹ̀fun nígbà ìṣínu tàbí sààrì, ẹ mu omi tó pọ̀, kí ẹ sì gbé irin lẹ́yìn ìṣínu.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kó oògùn rẹ̀ lọ fún apòògùn. Apòògùn ní irú oògùn tí kò ní páálí, òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà lé e lórí, wọ́n sì jùmọ̀ dà á nù. Owó rẹ̀ gbé, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbé. Ẹ̀wà àti ẹyin ló ń jẹ báyìí, ó sì ń gbé irin rẹ̀ lọ. Ó lè má kún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bó bá kún, yóò mọ ohun tó fi kún un.

Kí Allāhu fún wa ní agbára tó mọ́ àti àlàáfíà tó pẹ́. Àmín.