Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin Bá Wá Bá Yín Lọ́jà

Ẹ̀yin ìyá wa àti bàbá wa tí ẹ ń tajà ní Lomé, bí akẹ́kọ̀ọ́ òfin láti Yunifásítì Lomé bá dúró nídìí ìsọ̀ yín ní Asigamé tàbí Hédzranawoé, tó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ fún yín, ẹ má lé e. Kì í ṣe agbowó-orí, kò sì wá tọrọ ìbò. Irú iṣẹ́ yìí ti pẹ́: láti 1972 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Georgetown, ní Washington, ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní òfin tó kan ìgbé ayé wọn. Ní Ìbàdàn, yunifásítì ní ilé ìmọ̀ràn òfin fún àwọn obìnrin.

Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe lọ́yà o. Kò lè bá yín rojọ́ ní kóòtù, kò sì yẹ kó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Èyí tó bá béèrè owó, ẹ ní kó máa lọ. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n sọ ohun tí òfin wí, kí wọ́n bá yín ka ìwé Faransé tí wọ́n já lé yín lọ́wọ́, kí wọ́n sì júwe ibi tí ẹ ó gbé ẹjọ́ lọ. Bí Faransé tàbí Mina wọn kò bá yé yín, ẹ wá ògbufọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ilé, àgbàlagbà ni kó ṣe ògbufọ̀ náà, kì í ṣe ọmọdé.

Ẹ bi wọ́n nípa ogún, torí ibẹ̀ ni ìjà pọ̀ sí. Lábẹ́ òfin ẹbí Tógò ti 1980, àṣà ìdílé ló ń pín ogún, àfi bí olóògbé bá ti kọ àṣà náà níwájú ìjọba nígbà ayé rẹ̀. Mélòó ló ṣe bẹ́ẹ̀? Òfin oṣù Keje 2012 yí i padà. Opó ní ìpín nínú ogún ọkọ rẹ̀, ọmọbìnrin ń jogún bí ọmọkùnrin, opó sì lè kọ ètò opó tó bá tàbùkù rẹ̀ láìpàdánù ìpín. Ṣùgbọ́n ìwé ìgbéyàwó ni adájọ́ ń béèrè lọ́wọ́ opó. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe ìdána nìkan, láti ìgbà wo lẹ ti ń sọ pé ẹ ó lọ sí mérì? Ẹ lọ báyìí tí ara ọkọ le.

Gbèsè lásán kì í sọni sẹ́wọ̀n: Tógò ti wọ inú àdéhùn àgbáyé tó kọ̀ ọ́ láti 1984. Jìbìtì yàtọ̀. Bí ọlọ́pàá bá mú yín, ẹ béèrè ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn yín. Wákàtí 48 ni àtìmọ́lé, àfi bí agbẹjọ́rò ìjọba bá fi kún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ti Nàìjíríà tàbí Benin wá, àdéhùn CEDEAO ti 1979 fún yín ní 90 ọjọ́ láìgba físà, bí ìwé ìrìnnà yín bá péye. Ẹni tó fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó gba ìwé ìgbélùú.

Bí ọ̀rọ̀ bá ju ti akẹ́kọ̀ọ́ lọ, ẹ lọ sí Maison de justice ní Baguida. Ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn àti ìlàjà níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ọmọdé ni wọ́n ń fìyà jẹ, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni: ẹ pe 1011, kò ná yín ní owó.