Gbèdéke Fọ́ọ̀mù Ẹ̀kọ́ Oyè Kejì àti Oyè Ọ̀mọ̀wé: Ibi Tí Ó Yẹ Kí Ìmúrasílẹ̀ Ti Bẹ̀rẹ̀

Bí fásitì kan bá kéde pé òun ti ṣí fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ oyè kejì àti ti oyè ọ̀mọ̀wé, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wà lára ìkéde náà: ọjọ́ tí wọn yóò ti fọ́ọ̀mù pa. Wọn a kọ ọ́ sílẹ̀, wọn a fi sí orí fóònù, wọn a sì fọkàn balẹ̀ pé àyè ṣì wà. Ohun tí ìkéde náà kì í sábà sọ ni pé ọjọ́ yẹn jẹ́ òpin iṣẹ́ kan tí ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Ẹni tí ó bá dúró de ìkéde kí ó tó máa wá ìwé ti pẹ́ kí ó tó gbéra. Nítorí èyí ni a ṣe kọ àlàyé yìí fún ẹ̀yin ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí ẹ ń gbèrò láti padà sí ilé-ẹ̀kọ́.

Ìpínlẹ̀ wa kò ṣàìní ibi tí a ti lè kẹ́kọ̀ọ́ dé orí oyè ọ̀mọ̀wé. Fásitì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948 gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Fásitì Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì di fásitì tí ó dá dúró ní ọdún 1962, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọ̀tọ̀ tí ó ń mójú tó àwọn tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Fásitì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́, LAUTECH, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, tí ó sì di ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan ní ọdún 2020 lẹ́yìn tí àwa àti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti jọ ni ín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn fásitì aládàáni bíi Lead City ní Ìbàdàn àti Ajayi Crowther ní Ọ̀yọ́ náà ń gba akẹ́kọ̀ọ́. Kálukú wọn ni ó ń lo kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Kò sí àjọ kan tí ó ń ṣe fún ẹ̀kọ́ oyè kejì ohun tí JAMB ń ṣe fún àwọn tí ń wọ fásitì fún ìgbà àkọ́kọ́; ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ta fọ́ọ̀mù rẹ̀, òun ni ó ń mú ọjọ́, òun náà ni ó sì ń yan ẹni tí yóò wọlé. Nítorí náà, ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ yín tí ó fẹ́ wọ fásitì mìíràn bá sọ fún yín kì í ṣe ọjọ́ tiyín. Orí ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ náà gan-an ni kí ẹ ti kà á, kí ẹ sì tún padà lọ wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, nítorí ó lè yí.

Lóòótọ́, àwọn fásitì a máa sún gbèdéke síwájú nígbà mìíràn. Èyí ti mú kí àwọn kan gbà pé kò sí gbèdéke tí kì í sún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tilẹ̀ sún ọjọ́ fọ́ọ̀mù, ọjọ́ ìdánwò ìgbaniwọlé àti ọjọ́ tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yóò jókòó láti wo ìwé àwọn olùbéèrè lè wà níbi tí wọ́n wà.

Nínú gbogbo ìwé tí wọ́n ń béèrè, ọ̀kan ni ó ń dá ènìyàn dúró jù lọ. Òun ni àkọsílẹ̀ gbogbo máàkì tí ẹ gbà láti ọdún àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ tí ẹ jáde, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí transcript. Ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ yín nílé kò tó. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ti jáde ni ó gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ tààrà sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ wọ̀, láì gba ọwọ́ yín kọjá, kí ẹnikẹ́ni má bàa lè yí máàkì ara rẹ̀ padà. Ètò tí ó dára ni, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ni àkókò iṣẹ́ náà mọ́. Ẹ lè san owó lónìí, kí fáìlì yín má sì tíì dé iwájú ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ lé e lórí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ó bá ti pẹ́ tí ẹ jáde, tí àkọsílẹ̀ ìgbà yẹn ṣì wà nínú ìwé ńlá tí kò tíì wọ inú kọ̀ǹpútà, ẹnìkan ní láti wá a kàn, kí ó dà á kọ, kí ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò, kí ọ̀gá sì fọwọ́ sí i. Bí ìyanṣẹ́lódì bá bọ́ sí àárín rẹ̀, ohun gbogbo dúró.

Olùkọ́ kẹ́mísírì kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Òkè-Ògùn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣí fọ́ọ̀mù gan-an ni ó ra tirẹ̀. Ó kọ ohun gbogbo sí i láìkù síbì kan, ó fi àwòrán ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́, ó sì jókòó. Ìgbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n ti fọ́ọ̀mù pa ni ó rántí lọ san owó transcript ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti jáde ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ìgbà tí ìwé náà fi máa dé, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ti parí àṣàyàn. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé kò yege. Ohun tí ó rí lójú ìkànnì ni pé ìwé rẹ̀ kò pé. Ó ra fọ́ọ̀mù tuntun ní ọdún kejì. Ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣe ni ó fi ṣe ìkẹyìn, àìmọ̀ yìí kò sì mọ sọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan.

Ẹ ti orí transcript bẹ̀rẹ̀, nígbà náà. Gbàrà tí ẹ bá ti pinnu ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ wọ̀, ẹ béèrè fún un, yálà wọ́n ti ṣí fọ́ọ̀mù tàbí wọn kò tíì ṣí i. Ọ̀pọ̀ fásitì ni ó ń gba ìbéèrè náà lórí ìkànnì nísinsìnyí. Ẹ gba ẹ̀dà ti akẹ́kọ̀ọ́ fún ara yín pẹ̀lú, kí ẹ kà á láti òkè dé ilẹ̀, nítorí máàkì a máa sọnù, a sì máa rí orúkọ tí wọ́n ṣì kọ. Ó sàn kí ẹ̀yin rí i ju kí ẹni tí ń yan akẹ́kọ̀ọ́ rí i lọ. Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa béèrè ní ìhà méjèèjì, lọ́dọ̀ ẹni tí ń fi ránṣẹ́ àti lọ́dọ̀ ẹni tí ń gbà á.

Ohun kan tún wà lórí máàkì tí ó máa ń rú ènìyàn lójú. Òṣùwọ̀n àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kò dọ́gba: àwọn kan ń ka àmì CGPA dé 4, àwọn mìíràn dé 5, Fásitì Ìbàdàn sì ti kà á dé 7 rí. Ẹni tí ó gba 3.5 níbi tí wọ́n ti ń kà á dé 5 wà ní ìpele kejì ti òkè. Ẹni tí ó gba 3.5 kan náà lórí òṣùwọ̀n 7 wà ní ìpele kejì ti ìsàlẹ̀. Ẹ má fi àmì ẹlòmíràn díwọ̀n tiyín kí ẹ tó mọ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi kà á.

Àwọn olùjẹ́rìí ni ó tẹ̀lé e. Mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ fásitì ń béèrè, wọ́n sì fẹ́ kí ó jẹ́ pé àwọn olùkọ́ tí ó kọ́ yín ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní báyìí, orí ímeèlì ni ilé-ẹ̀kọ́ ti ń kàn sí wọn. Ẹ kò lè bá wọn kọ ọ́. Ẹ má ṣe fi orúkọ olùkọ́ kankan sílẹ̀ láì kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá bí ó bá ti fẹ̀yìntì, tí ímeèlì ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ́ kò sì ṣí mọ́. Ẹ rán an létí ọdún tí ó kọ́ yín àti àkòrí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí ẹ ṣe. Àgbàlagbà tí ó kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ kò lè rántí gbogbo ojú, kì í sì í ṣe ẹ̀gàn.

Ìwé-ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ kò ṣeé fojú fò. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá NYSC sílẹ̀ ní ọdún 1973 ni ìwé yìí ti ń tẹ̀lé oyè àkọ́kọ́ káàkiri. Ẹni tí ó ti kọjá ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ó jáde kò sìn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó ní ìwé ìdásílẹ̀. Ẹni tí ó fi àbọ̀ àkókò kẹ́kọ̀ọ́ ní irú tirẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn obìnrin tí ó ti lọ ilé ọkọ lẹ́yìn tí wọ́n jáde ní láti kíyè sí orúkọ: bí ti orí ìwé-ẹ̀rí oyè bá yàtọ̀ sí ti orí fọ́ọ̀mù, ẹ tètè ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù, kí ẹ sì fi ìwé ìgbéyàwó tì í.

Irú oyè tí ẹ fẹ́ kà ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Oyè kejì kan wà tí a ń pè ní ti ìmọ̀ ìwádìí. Òun ni ó ṣí ọ̀nà sí oyè ọ̀mọ̀wé. Òmíràn wà tí a ṣe fún iṣẹ́ ọwọ́ ẹni, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń kà ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀, irú bíi MBA. Kò sí èyí tí ó kéré nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní lọ́kàn láti di ọ̀mọ̀wé, tí ó wá yan èkejì nítorí pé àkókò rẹ̀ rọ̀ ọ́ lọ́rùn, lè parí rẹ̀ tán kí wọ́n tó wá sọ fún un pé kò lè ti ibẹ̀ tẹ̀síwájú. Ẹ béèrè kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù. Ní Fásitì Ìbàdàn, ẹni tí ó gba ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oyè kejì ti ìmọ̀ ìwádìí ni ó lè bẹ̀rẹ̀ oyè ọ̀mọ̀wé tààrà. Ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀ lè ní láti gba ọ̀nà MPhil. Ní ti àwọn tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe pẹ̀lú HND, ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ ka PGD. Bí wọ́n bá fẹ́ ka oyè kejì ti ìwádìí, kí wọ́n béèrè irú máàkì tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà nínú PGD náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe ìdánwò tán.

Fún oyè ọ̀mọ̀wé, fọ́ọ̀mù nìkan kò mú ẹnikẹ́ni wọlé. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní láti ní olùkọ́ tí yóò bójú tó ìwádìí yín. Ẹ ka ohun tí àwọn olùkọ́ náà ti kọ, kí ẹ sì kàn sí ọ̀kan pẹ̀lú ojú ìwé kan tàbí méjì nípa ohun tí ẹ fẹ́ wádìí. Anfààní tí Ìbàdàn ní lórí èyí kò kéré, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí ó wà láyìíká. IITA, tí ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1967, a máa gba àwọn tí ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀gẹ́, iṣu, ẹ̀wà àti àgbàdo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fásitì ni ó ń fún wọn ní oyè.

Ọ̀nà mìíràn tí àwọn ará ilé wa kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀ wà nínú ọgbà Fásitì Ìbàdàn kan náà. Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà ní fásitì kan tí ó pín sí orílẹ̀-èdè mélòó kan, ẹ̀ka ti ìmọ̀ ohun alààyè àti ilẹ̀ ayé, pẹ̀lú ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀, sì ni ó wà ní Ìbàdàn. PAULESI ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ni ó ń fún àwọn tí ó bá yege, láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà gbogbo. Ó ní gbèdéke ọjọ́ orí: nínú àwọn ìkéde rẹ̀ àtẹ̀yìnwá, ọkùnrin tí ó fẹ́ ka oyè kejì kò gbọdọ̀ ju ọmọ ọdún 30 lọ, obìnrin kò sì gbọdọ̀ ju 35, fún oyè ọ̀mọ̀wé ó jẹ́ 35 àti 40. Ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti súnmọ́ ibẹ̀ kò ní ọdún tí ó lè fi ṣòfò.

Nípa owó, a ní láti sọ ọ́ láìfi bò. Àwọn oníjìbìtì mọ ìgbà tí fọ́ọ̀mù ń tì ju bí àwọn olùbéèrè ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń sáré ni wọ́n máa ń pè, pé àwọn mọ ẹnìkan nínú ọ́fíìsì. Fásitì ìjọba àpapọ̀ ń gba owó nípasẹ̀ Remita, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ yọ fún yín. Kò sí fásitì kankan tí ń gba owó fọ́ọ̀mù sínú àpò báńkì ẹnìkan. Ẹ rántí pẹ̀lú pé owó fọ́ọ̀mù kọ́ ni gbogbo owó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà yín wọlé, owó ìtẹ́wọ́gbà àyè máa ń ní ọjọ́ tirẹ̀, ọjọ́ náà kì í sì í jìnnà. Àwọn kan ti yege tán tí àyè wọn sì bọ́ nítorí pé wọn kò tíì kó owó yẹn jọ.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, kí ẹ gba àṣẹ ní kíkọ láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá parí rẹ̀. Lẹ́tà ìbéèrè àṣẹ náà ń gba ọ́fíìsì púpọ̀ kọjá, ẹ kà á mọ́ àwọn ohun tí ó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìkéde.

Ẹni tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìpínlẹ̀ wa lè lọ sí ọ́fíìsì tí ń bójú tó àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ bí ìbéèrè orí ìkànnì bá pẹ́ jù. Kí ó mú nọ́ńbà ìwọlé rẹ̀ ìgbà náà, ọdún tí ó jáde, ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, rìsíìtì owó tí ó san, àti àdírẹ́sì ilé-ẹ̀kọ́ tí wọn yóò fi ìwé náà ránṣẹ́ sí lọ́wọ́.