Ẹ̀rọ Àtijọ́ Láti Òkè-Òkun: Ẹ Ṣírò Owó Rẹ̀ Tán Kí Ẹ Tó San Án

Ọ̀rọ̀ òwò ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ó kan ẹ̀sìn, nítorí pé díẹ̀ ni ó kù kí ó ba orúkọ ọmọlúàbí kan jẹ́ nínú jámọ́ọ̀ tí wọ́n ti pè mí láti bá wọn parí ìjà.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ti tún di ohun tí àwọn ènìyàn ń wá kiri. Ẹni tí bàbá rẹ̀ fi àwo Haruna Ishola tàbí ti Yusuf Olatunji sílẹ̀ fún ń wá ẹ̀rọ tí yóò fi gbọ́ ọ. Àwọn mọ́ṣáláṣí wà tí wọ́n ní àpótí kásẹ́ẹ̀tì, tí wáàsí àwọn ààfáà àgbà tí ó ti dolóògbé wà nínú rẹ̀. Bí a kò bá tètè fi ẹ̀rọ tí ó dára gbé ohùn wọ̀nyí sínú kọ̀ǹpútà, téèpù inú wọn yóò bàjẹ́, ìmọ̀ náà yóò sì bá a lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń ra ẹ̀rọ tí a ti ṣe láti ogójì ọdún sẹ́yìn lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á ní Amẹ́ríkà, ní Ìlú Ọba, ní Jámánì àti ní Jàpáànì. N kò sọ pé ó burú. Ohun tí mo ń sọ ni pé iye tí ẹ rí lábẹ́ àwòrán ọjà kọ́ ni iye tí ọjà náà yóò gbà lọ́wọ́ yín.

Ẹ gbọ́ bí ìjà náà ti rí. Ẹgbẹ́ kan nínú jámọ́ọ̀ náà dá owó láti ra ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n rí lọ́wọ́ ẹnì kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rán ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣòwò kan nínú wọn pé kí ó bá wọn rà á. Dọ́là 120 ni wọ́n kọ sí i, iye yẹn náà sì ni wọ́n dá jọ. Ẹni tí ń tà á gba dọ́là 35 kí ó tó fi í ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kó ẹrù wá sí Èkó. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí gbé e lé ìwọ̀n pẹ̀lú páálí tí wọ́n fi dì í, kílò 11 ni. Dọ́là 9 ni wọ́n ń gbà lórí kílò kan, èyí tí ó di dọ́là 99. Ẹ̀rọ délé tán, kò sọ̀rọ̀. Rọ́bà tí ń yí kásẹ́ẹ̀tì ti yọ́ bí gọ́ọ̀mù, àwọn kàpásítọ̀ inú rẹ̀ kan sì ti gbẹ. Owó tí ẹlẹ́rọ gbà, àti owó tiránsífọ́mà tí ń dín agbára iná kù, tó dọ́là 46. Ẹ ro ó pọ̀: dọ́là 300 ni. Ọjà tí a pè ní 120 ti di ìlọ́po méjì àti ààbọ̀.

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà béèrè owó tí ó ti fi kún un láti inú àpò ara rẹ̀, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ó ti jẹ nínú owó Ọlọ́run. Mo ní kí ó mú rìsíìtì rẹ̀ wá, kò sì sí ọ̀kan tí kò sí níbẹ̀. Mo wá sọ fún wọn pé nínú òfin ẹ̀sìn wa, ẹni tí a rán lọ rajà, ẹni àmáánà ni. Àdánù kì í ṣe tirẹ̀, àfi bí ó bá ṣe àìbìkítà tàbí bí ó bá rékọjá ohun tí a rán an. Owó ọkọ̀ ń tẹ̀lé ọjà, ẹgbẹ́ ni yóò san án. Ṣùgbọ́n àtúnṣe àti tiránsífọ́mà, ẹgbẹ́ kò rán an. Wọ́n lè gbà á, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́. Wọ́n gbà á, nítorí pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí ó ti fi tọmọ jẹ́ ẹ, kí a má ṣe sọ ọ́ di olè.

Nítorí kí irú èyí má baà tún ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí á ka àwọn owó tí ó fara pamọ́ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni iná mànàmáná. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fóòtì 120, ti Jàpáànì jẹ́ 100, tiwa sì jẹ́ 230. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún tiwọn nìkan, bí a bá kì í bọ inú iná wa, yóò jóná lójú ẹsẹ̀. Tiránsífọ́mà lè yanjú èyí, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò lè tún ṣe. Iná Amẹ́ríkà ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń ṣe é nígbà 50. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ àwo àtijọ́ ni ó jẹ́ pé ìlọbọ̀ iná yìí ni mọ́tò wọn ń tẹ̀lé. Àwo tí ó yẹ kí ó yí ní ìgbà 33 àti ìdámẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan kò ní tó 28 lọ́dọ̀ wa, orin yóò sì máa falẹ̀ bí ohùn ẹni tí oorun ń kùn, àfi bí ẹlẹ́rọ bá rí ohun tí yóò fi pààrọ̀ nínú rẹ̀.

Èkejì ni ọjọ́ orí. Rọ́bà ń yọ́, kàpásítọ̀ ń gbẹ, yálà a lo ẹ̀rọ tàbí a kò lò ó; abẹ́rẹ́ tí ń ka àwo sì ń jẹ bí a bá ti ń lò ó. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́rọ yín bóyá ohun èlò rẹ̀ ṣì wà, kí ẹ tó rà á.

Ẹ̀kẹta ni owó ọkọ̀ àti ti ibodè. Àwọn kan nínú àwọn akẹ́rù kì í wo ìwọ̀n nìkan, wọ́n ń wo bí páálí ti tóbi tó pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá sì gba ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè, kí ó mọ̀ pé kì í ṣe iye tí ó ra ọjà nìkan ni wọn yóò fi ṣírò. Wọn yóò fi owó ọkọ̀ àti owó ìdójútòfò kún un. Lẹ́yìn èyí ni owó orí ọjà, tí ó ti di 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọdún 2020, yóò tún gun orí rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni dọ́là. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Okúdù ọdún 2023, dọ́là kan kò tó náírà 480 ní ọjà ìjọba. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti ju 1,500 lọ. Ẹgbẹ́ tí ó ń dá owó díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kí ó ṣọ́ra, nítorí ohun tí ó ń lépa lè máa sáré jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ẹ̀rọ wáàsí lọ yá owó èlé.

Ẹ̀karùn-ún ni ìdápadà. Àwọn ilé ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ń ṣèlérí pé bí ọjà kò bá dára, a lè dá a padà, ṣùgbọ́n ìlérí náà ní iye ọjọ́. Kí ẹrù tó wọ ọkọ̀ ojú omi dé Èkó, ọjọ́ náà lè ti kọjá; bí kò bá sì tíì kọjá, owó ìdápadà lè ju owó ẹ̀rọ lọ.

Àwọn tí ń tà á a sì máa kọ ọ́ pé, “A kò dán an wò; bí ó ti rí ni a ṣe ń tà á.” Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Imam Malik, ẹni tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀, ròyìn rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Muwatta pé Abdullahi ọmọ Umar ta ẹrú kan ní dírámù 800, ó sì ṣe àdéhùn pé àléébù kankan kò sí lọ́rùn òun. Ẹni tí ó rà á rí àìsàn lára ẹrú náà, wọ́n sì gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Khalifa Uthman. Uthman ní kí Abdullahi búra pé òun kò mọ̀ nípa àìsàn náà nígbà tí òun tà á. Abdullahi kọ̀ láti búra, ó gba ẹrú rẹ̀ padà. Ara ẹrú náà yá, Abdullahi sì tún un tà ní 1,500. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé “bí ó ti rí” kì í bo àléébù tí olùtajà ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mú òyìnbó tí ó wà ní Amẹ́ríkà wá búra níwájú wa? Nítorí náà, ojú wa ni kí á là kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ń ra ẹ̀rọ wọ̀nyí láti tún un tà, ẹ̀yin náà kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ sí oníbàárà yín. Ẹ rántí ọkùnrin tí Ànábì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ rẹ̀ tí ó bá a pé ìsàlẹ̀ tutù. Ó ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ ọ́ pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara wa. Ẹ̀rọ tí iná rẹ̀ jẹ́ 120, ẹ sọ ọ́. Èyí tí ẹ ti tú tí ẹ tún ṣe, ẹ sọ ọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mọ́ṣáláṣí, kí ẹ tó dá kọ́bọ̀ kan, ẹ béèrè kí olùtajà fi fídíò hàn yín níbi tí ẹ̀rọ ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè ìwọ̀n rẹ̀ àti agbára iná rẹ̀. Ẹ má san owó níbòmíràn yàtọ̀ sí ibi tí ilé ọjà ti lè bá yín gbà á padà. Ẹ kọ gbogbo owó náà sínú ìwé, láti orí ọjà dé orí ẹlẹ́rọ, kí ẹni tí ẹ rán mọ ibi tí àṣẹ rẹ̀ dé, kí ẹlẹ́rìí méjì sì fọwọ́ sí i. Bí àròpọ̀ rẹ̀ bá ju agbára yín lọ, ẹ wá ẹni tí ó ní irú ẹ̀rọ náà nítòsí, kí ẹ háyà rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ fi gbé ohùn àwọn àgbà wa pamọ́. Ohùn ni a ń wá, a kò wá páálí.

Kí Ọlọ́run Ọba fi àlùbáríkà sí òwò wa, kí ó má jẹ́ kí owó sàdáàkà dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Àmín.