Fóònù Lọ́wọ́ Awakọ̀

Bí awakọ̀ bá ń sáré kìlómítà 90 ní wákàtí kan, tí ó sì fi ìṣẹ́jú àáyá 4 péré wo fóònù, ọkọ̀ náà yóò ti rìn tó mítà 100 kí ó tó gbójú sókè. Ọmọ tí ó ń sọdá títì lákòókò náà kò sí lójú rẹ̀ rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi yé wa pé ewu ìjàǹbá tó ìlọ́po mẹ́rin fún awakọ̀ tí ó ń lo fóònù. Èyí tí a ń tì bọ etí kò sì fi bẹ́ẹ̀ sàn jù, nítorí pé ọkàn ni ọ̀rọ̀ ń gbé lọ.

Òfin ìrìnnà ọkọ̀ ti ọdún 2012 ka àṣà yìí léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ń mú arúfin, ṣùgbọ́n awakọ̀ a máa fi fóònù pamọ́ bí ó bá ti rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá tí ẹ gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò, ẹ sọ̀rọ̀: “Dírẹ́bà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí ẹ tó dáhùn ìpè yẹn.” (Èrò mìíràn lè ní kí ẹ dákẹ́; ẹ má dákẹ́.) Nọ́ńbà Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122.

Ta ni ó sì sábà máa ń pe baálé ilé lójú ọ̀nà? Ìyàwó rẹ̀ ni, tàbí ọmọ tí ó fẹ́ kí ó ra búrẹ́dì bọ̀. Bí ó bá gbé ìpè yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ń wakọ̀. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gé e lójú ẹsẹ̀, kí ẹ dúró dìgbà tí yóò fi dé.